Ẹ Kú Iṣẹ́, Ẹ̀yin Akunlé Màkún

Ní Màkún, ọ̀kan nínú àwọn ìlú tó para pọ̀ di Ṣàgámù ní 1872, òjò àti oòrùn kì í dá páànù àti géètì onírin sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń yin akunlé tó mọṣẹ́. Kì í sáré kun ọ̀dà lé ibi tó ti dógùn-ún. Á kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á, á fi sánpépà yún un, á nù ún, á jẹ́ kó gbẹ. Ọ̀dà pupa tó ń dènà ìpẹtà ló máa ń ṣáájú, kí ọ̀dà ẹwà tó tẹ̀ lé e. Bí omi àti afẹ́fẹ́ kò bá ráyè kan irin, kò ní tètè jẹ. Sùúrù ni baba ìwà. Òun náà ni baba iṣẹ́ yìí. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ń fi ẹ̀mí kún ẹ̀mí ilé bàbá wa.