Ìjàkadì Ìgbà Èwe Wa: Eré Ni, Kì í Ṣe Irọ́

Ìbéèrè kan wà tí a máa ń bi àgbàlagbà tí ó bá ṣì ń wo ìjàkadì àwọn òyìnbó lórí tẹlifíṣọ̀n. Wọn a ní, “Ìwọ bàbá ọlọ́mọ, ṣé o kò mọ̀ pé irọ́ ni?” Wọ́n bi èmi náà bẹ́ẹ̀ níbi ìkómọ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, ojú sì tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ẹ̀rín bò ó. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó bóyá ó yẹ kí ojú tì mí.

Nígbà tí a wà ní kékeré, ilé aládùúgbò wa kan ní Pórógun ni a ti ń wo ìjàkadì náà. Bí kò bá sí lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹnìkan a yá fídíò wá. Bí iná mànàmáná bá lọ, gbogbo wa a jókòó nínú òkùnkùn, a ó máa retí rẹ̀. Bí ìran bá parí, orí iyanrìn ni a ti ń gbé ara wa ṣánlẹ̀. Òfin àwọn baba wa ni a ń tẹ̀ lé, pé ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti kan ilẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Ti òyìnbó kò rí bẹ́ẹ̀: èjìká méjèèjì gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́lẹ̀ títí adájọ́ yóò fi ka ení, èjì, ẹ̀ta. Nínú kíkà yìí ni gbogbo adùn wà, nítorí pé ẹni tí ó ṣubú ṣì lè dìde.

Èyí tí mo rántí jù ni ìjà tí Bret Hart àti àbúrò rẹ̀ Owen jà ní Madison Square Garden ní New York, ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹta ọdún 1994, níbi àjọ̀dún WrestleMania ẹlẹ́ẹ̀kẹwàá. Ọmọ 12 ni baba wọn, Stu Hart ti ìlú Calgary ní Kánádà, bí. Owen ni àbíkẹ́yìn. Gẹ́gẹ́ bí a ti gbé ìtàn náà kalẹ̀, àbúrò ń jowú ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n kò sì fẹ́ bá ọmọ ìyá rẹ̀ jà. Nígbẹ̀yìn, Bret gun èjìká Owen láti yí i ṣubú, Owen jókòó lé e mọ́lẹ̀, adájọ́ sì ka mẹ́ta. Inú bí wa púpọ̀! A kò tíì rí ibi tí àbúrò ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n tí kò sì jìyà. Ní òru ọjọ́ náà kan náà, Bret gba ìgbànú àwọn akọni lọ́wọ́ Yokozuna. Bí wọ́n ti gbé e sí èjìká, Owen dúró lókèèrè, ó ń wò ó.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹnìkan tí ó jù wá lọ sọ fún wa pé a máa ń pinnu ẹni tí yóò borí kí wọ́n tó wọ agbo. Kì í ṣe àṣírí mọ́ nígbà náà. Ní ọdún 1989 ni ilé-iṣẹ́ náà, tí ń jẹ́ WWF kí ó tó di WWE ní 2002, ti jẹ́wọ́ níwájú àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ New Jersey pé eré tí a fi ń dá ènìyàn lára yá ni, kì í ṣe ìdíje, kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ òfin àti owó orí tí ó de àwọn onídìíje. Ṣùgbọ́n ìròyìn náà kò tíì dé Pórógun. Mo banú jẹ́ bí ọmọ tí ó rí ẹsẹ̀ ènìyàn lábẹ́ aṣọ eégún.

Ṣùgbọ́n ta ni nínú àwa ọmọ Ìjẹ̀bú tí ó ti pe Ojúde Ọba ní irọ́ rí? Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, àwọn ìdílé Balógun a gun ẹṣin wá síwájú ààfin Awùjalẹ̀, ìbọn a sì máa dún. Ogun kò sí. Ó ti ju 100 ọdún lọ tí a ti ja ogun Ìmàgbọn, ní 1892. Gbogbo wa mọ̀ pé ẹ̀tù ni wọ́n yìn, pé kò sí ọta nínú rẹ̀. Síbẹ̀ ẹnikẹ́ni kì í pe ẹlẹ́ṣin ní òpùrọ́. Ohun tí à ń béèrè ni bóyá ó mọ ẹṣin gùn. Àwọn Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ náà a wọ aṣọ kan náà, àwọn tí a bí ní ìgbà kan náà a máa bá ara wọn ṣeré bí ìgbà èwe, a kì í sì sọ pé wọn kò dàgbà. Irọ́ ni kí ẹnìkan mọ̀ kí ó sì tan ẹnìkejì jẹ. Eré ni kí èmi àti ìwọ jùmọ̀ mọ̀, kí a sì jùmọ̀ gbà á. Ní ti ọmọdé tí kò tíì mọ̀, a ó mú un wọ awo ní àkókò tirẹ̀. Ẹni tí ó sì ti wọ awo kì í tìtorí èyí kọ eégún sílẹ̀.

Láìpẹ́ yìí mo tún wo ìjà àwọn ọmọ ìyá méjì náà. Bret ni olókìkí nígbà náà. Òun ni ó gbé ẹ̀yìn ara rẹ̀ lélẹ̀ kí ayé lè mọ orúkọ àbúrò rẹ̀. Lábẹ́ ìbínú tí wọ́n ń ṣe lójú, ìfọkàntán ni ó wà, nítorí pé bí ẹni tí ó gbé ọ sókè kò bá mọ bí yóò ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ọrùn rẹ lè ṣẹ́. Èwe rí àbúrò tí ó tẹ́ ẹ̀gbọ́n. Àgbà rí ẹ̀gbọ́n tí ó fi ẹ̀yìn balẹ̀ kí àbúrò lè dìde. Ìmọ̀ kò ba eré náà jẹ́ rárá.

Nítorí náà, bí mo bá fẹ́ dá eré kan lẹ́bi, èmi kò ní sọ pé irọ́ ni; èmi yóò sọ pé wọn kò ṣe é dáradára. Ní ọdún 2021, WWE sọ Apollo Crews, ọmọ Amẹ́ríkà tí ìdílé rẹ̀ ti Nàìjíríà wá, di ọmọ ọba Nàìjíríà. Wọ́n fi ọ̀kọ̀ lé e lọ́wọ́, ó sì yí ohùn rẹ̀ padà lójijì. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin, ní Tampa, ó gba ìgbànú lọ́wọ́ Big E nínú ìjà tí wọ́n fi ìlù Nàìjíríà sọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n ìlú wo ni baba rẹ̀ ti ń jọba? Èdè wo ni wọ́n ń sọ níbẹ̀? Bí eégún ẹni bá jó ire, orí a máa yá ni. Eégún yìí wọ aṣọ wa, kò gbọ́ ìlù wa. Orí mi kò yá.

Àbùkù kan ṣì wà tí ó ju èyí lọ, òun sì ni ìfẹ́ ìgbà èwe lè fi bò wá lójú. Ní ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún ọdún 1999, ní Kansas City, wọ́n fẹ́ fi okùn sọ Owen Hart kalẹ̀ láti òkè àjà gbọ̀ngàn sínú agbo, kí àwọn òǹwòran lè rẹ́rìn-ín. Ìdè rẹ̀ tú; ó já bọ́ láti ibi tí ó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 70 lọ, ó sì kú ní ẹni ọdún 34. Ẹni tí ń ròyìn ìjà náà ní láti sọ fún àwọn tí ń wò ó nílé pé èyí kì í ṣe ara eré. Wọ́n gbé e lọ, wọ́n sì ń bá eré wọn lọ.

Nígbà tí ìròyìn náà dé ọ̀dọ̀ wa, a kò sunkún. A ti di ọlọ́gbọ́n. A ní eré ni èyí náà, a ní yóò padà wá bí àwọn yòókù ti máa ń padà wá. Ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni a fi retí rẹ̀.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo ti wo ẹ̀yìn, mo sì rí i pé kì í ṣe ìgbà tí a gba gbogbo rẹ̀ gbọ́ ni a gọ̀ jù, bí kò ṣe ìgbà tí a mọ ìdajì tí a sì ń pè é ní gbogbo. Ẹni tí ó bi mí níbi ìkómọ ọjọ́ náà wà ní ìdajì ọ̀nà yìí. Ìdáhùn mi fún un ni èyí tí èmi yóò fún àwọn ọmọ mi nígbà tí àkókò wọn bá tó: a ti mọ ẹni tí yóò borí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣubú lé kò bá wọn ṣe eré.