“Èyí Tí Ìwọ Lè Tún Ṣe Ni Kí O Tà Fún Mi”

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó sí ìsọ̀ ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe nítòsí ọjà Agbálátà, ní Àgbádárìgì níbí. Ìyá kan tó ń ta ẹja yíyan wọlé wá. Fóònù rẹ̀ ti bọ́ sómi níbi tó ti ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, ó sì fẹ́ ra òmíràn. Ọmọkùnrin náà kó oríṣi mẹ́ta kalẹ̀, ó ń ròyìn wọn: èyí mọ fọ́tò yà, èyí yára. Ìyá náà ò tilẹ̀ wo ọ̀kankan. Ó ní, “Ọmọ mi, èyí tí ìwọ lè tún ṣe ni kí o tà fún mi.” Tecno ló gbé lọ. Tecno náà sì ni èyí tí omi bà jẹ́.

Bí ọ̀rọ̀ yìí bá dé etí àwọn tó ń ṣe ìwádìí ọjà, wọn á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìyá yìí fẹ́ràn Tecno, pé oníbàárà tí kì í yẹ̀ ni. Irọ́ ni o. Ọmọkùnrin yẹn ni kò fẹ́ yẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Gíláàsì ojú Tecno àti bátìrì rẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀ ọmọ náà. Bó bá jẹ́ ti oríṣi mìíràn, àfi kó ránṣẹ́ sí Computer Village ní Ìkẹjà, ẹ̀yin náà ẹ sì mọ bí ọ̀nà Mile 2 sí Àgbádárìgì ṣe rí.

Ọ̀rọ̀ ìyá yìí ló mú mi padà sídìí ìwé kan tí mo fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, Exit, Voice, and Loyalty, tí Albert Hirschman tẹ̀ jáde ní 1970. Àwọn tó ń tọ́ka sí i pọ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló ń rántí pé Nàìjíríà wa níbí ni irúgbìn rẹ̀ ti hù. Hirschman wá wo ọkọ̀ reluwé wa láàárín àwọn ọdún 1960, ohun tó rí sì yà á lẹ́nu. Ọkọ̀ akẹ́rù ń gba ẹrù ẹ̀pà mọ́ reluwé lọ́wọ́ láti Òkè Ọya wá sí èbúté, ìrìn nǹkan bí 800 máìlì, síbẹ̀ reluwé ò tún ìwà ara rẹ̀ ṣe. Ohun tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ ni pé ìdíje níí mú ọ̀lẹ ta gìrì. Hirschman ní kì í fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀: àwọn oníbàárà tí ariwo wọn ì bá ta reluwé jí gan-an ló kọ́kọ́ kó ẹrù wọn kúrò. Ó wá ní ọ̀nà méjì ló wà fún ẹni tí ọjà ò tẹ́ lọ́rùn: kó kúrò, tàbí kó pariwo. Ìdúróṣinṣin, ìyẹn ìfẹ́ tí ènìyàn ti ní sí ilé-iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀, ni kì í jẹ́ kó tètè kúrò, kó lè dúró pariwo.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ́ ọ. Nísinsìnyí mo rò pé ó ku díẹ̀ káàtó. Àyà ẹnì kan ni Hirschman fi ìdúróṣinṣin sí, bẹ́ẹ̀ lọ́jà tiwa, àárín ènìyàn méjì ló ń gbé. Ẹ sáà gbọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń tà á pe ẹni tó ń rà ní kọ́sítọ́mà, ẹni tó ń rà náà á dáhùn pé, “Kọ́sítọ́mà mi, ẹ bá mi dín in.” Àwọn méjèèjì ló ni ara wọn. Èènì wà ńbẹ̀, àwìn wà ńbẹ̀, “ẹ kú ọ̀fọ̀” náà wà ńbẹ̀. Àwọn tó ń ṣe fóònù fẹ́ kí a jẹ́ kọ́sítọ́mà tiwọn, wọn ò fẹ́ jẹ́ tiwa.

Ẹ rántí BlackBerry. Nígbà kan, ọmọ Èkó tí kò bá ní PIN tí yóò fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, bí ẹni tí kò sí láyé ló rí. Wọ́n ń san owó oṣooṣù lọ́tọ̀ nítorí rẹ̀, wọ́n sì ń gbé ṣájà kiri bí onígbàgbọ́ ṣe ń gbé Bíbélì. Ìfẹ́ BlackBerry ni gbogbo ayé pè é. Àfi bí WhatsApp ṣe dé, tí kò bi ẹnikẹ́ni léèrè irú fóònù tó ń lò. Ní oṣù Kẹwàá 2013, BlackBerry fúnra rẹ̀ gbé BBM sórí Android àti iPhone, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ọ̀rẹ́ wọn làwọn ènìyàn ń fẹ́ látìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe bọ́tìnnì wíwẹ́wẹ́ yẹn. Nígbà tí wọ́n pa BBM yìí dé ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún 2019, èmi ò rí ẹni tó ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ ládùúgbò wa.

Ohun mìíràn wà tí ìwé náà kò lè rí, kò sì jẹ̀bi, ọdún 1970 ni. Ní oṣù Kẹrin 2013, àjọ NCC fàyè gba ẹni tó bá wù láti gbé nọ́ńbà rẹ̀ kúrò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan bọ́ sí òmíràn. Àwọn kan rò pé ọjà á dàrú. Kò dàrú. Ènìyàn wa kì í kọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì sílẹ̀, orogún ló ń fẹ́ lé e lórí. Transsion, ilé-iṣẹ́ Ṣáínà tó ni Tecno, itel àti Infinix, tètè mọ èyí. Láti 2008 tó ti dojú kọ Áfíríkà ló ti ń ṣe fóònù onísíìmù méjì tí bátìrì rẹ̀ ń pẹ́, ó sì dá Carlcare sílẹ̀ fún àtúnṣe. Lọ́dọ̀ tiwa lẹ́bàá ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, síìmù méjì ò tilẹ̀ tó. Ẹni tó ń ná Àjàṣẹ́ àti Kùtọnu ní ti Nàìjíríà, ó ní ti Bẹ̀nẹ̀ tó fi ń gba sẹ́fà. Ẹ bi irú ẹni bẹ́ẹ̀ bóyá ó ti kúrò àbí ó ṣì wà. Ó ti kúrò, ó sì wà! Orúkọ rẹ̀ ò yọ nínú ìwé wọn, kò bá ẹnì kankan jà, owó rẹ̀ ló gba ibòmíràn. Ó burú ju ti reluwé lọ, torí ní ti reluwé, wọ́n ṣáà rí i pé ẹ̀pà ò sí lórí ọkọ̀.

Èmi náà wà nínú ìwé wọn. Ọmọ mi tó wà nílùú òyìnbó fi fóònù olówó ńlá kan ránṣẹ́ sí mi, oríṣi mìíràn sí èyí tí mò ń lò. Nọ́ńbà bá mi lọ, fọ́tò bá mi lọ. Àbúrò mi tó ti di olóògbé, tó máa ń sọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi láràárọ̀, ohùn rẹ̀ ò bá mi lọ. Fóònù tuntun ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí ohun tí ti àtijọ́ tọ́jú. Ọjọ́ méjì gbáko ni ọmọkùnrin Agbálátà yìí fi gbìyànjú, kó tó sọ fún mi pé, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan lórí àtijọ́ yẹn o. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.”

Ìyá ẹlẹ́ja dúró torí pé ẹnì kan ń bẹ tí yóò bá a tún un ṣe. Èmi dúró torí pé ohùn àbúrò mi ti di ohun ìdógò. Ojú kan náà ni wọ́n fi ń wo àwa méjèèjì, wọ́n sì fún un lórúkọ ìfẹ́. Ìwé Hirschman, bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó, kò fún mi ní ohun tí n ó fi ya ọ̀kan kúrò lára èkejì.

Inú dúrọ́ọ̀ mi ni fóònù àtijọ́ náà ń gbé. Ní ọjọ́ Àìkú, mo máa ń fi iná sí i, mo á gbọ́ ohùn kan tàbí méjì, mo á tún pa á. Lójú ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, fóònù tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ni, ẹni tó ni ín kò tíì yà. Ohun tó gbé mi dé ìsọ̀ náà lọ́sẹ̀ tó kọjá gan-an nìyẹn: bátìrì rẹ̀ ti ń wú, irú rẹ̀ ò sì sí lọ́jà wa mọ́. Ọmọkùnrin náà ní òun á wá a dé Ìkẹjà. Mo ní kó gba owó ọkọ̀. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí i ná, Bàbá.”