Ibi Tí Wọ́n Ti Gé E

Bí mọ́dábọ́ọ̀dù bá ti wọ́n gan-an, n kì í wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Owó ti yanjú ohun gbogbo níbẹ̀ kí ọgbọ́n tó dé. Olówó pọ́ọ́kú ló yẹ kéèyàn fojú sí lára, pàápàá ẹni tó fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ to kọ̀ǹpútà ilé fún ìgbà àkọ́kọ́. Lórí rẹ̀ ni ẹni tó ya bọ́ọ̀dù ti ní láti pinnu ohun tí yóò yọ kúrò tí iṣẹ́ kò fi ní bàjẹ́, ojú lásán sì lè rí ìpinnu yẹn bó bá mọ ibi tí yóò wò.

Àwọn tó ń gba CPU AMD lórí sọ́kẹ́ẹ̀tì AM4 ni mo ń wí: B450 tó jáde ní 2018, B550 àti A520 tó dé ní 2020. AM5 ti wà láti 2022, ṣùgbọ́n RAM DDR5 nìkan ló ń gbà, kì í sì í ṣe gbogbo àpò ló lè gbé e. Taiwan ni MSI, ASUS, Gigabyte àti ASRock ti wá, ọwọ́ AMD sì ni gbogbo wọn ti ń ra chipset kan náà, ṣíípù tí bọ́ọ̀dù ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá tò yí i ká ni iṣẹ́ ọwọ́ tiwọn.

Ẹ kọ́kọ́ wo apá òsì sọ́kẹ́ẹ̀tì. Àwọn nǹkan onígun mẹ́rin kéékèèké wà níbẹ̀ tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́: kọ́ìlì ni. Àwọn àti ṣíípù ẹ̀gbẹ́ wọn ló ń sọ fóltì 12 tó ti inú power supply wá di fóltì kan àti díẹ̀ tí CPU lè gbà. Bí fóltì bá ti wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìṣàn iná ní láti pọ̀. Ryzen tí wọ́n kọ wáàtì 65 sí lára lè fà tó 88, ìṣàn iná rẹ̀ sì lè tó àḿpíà 60. Kẹ́túlù oníná kì í fa ju 13 lọ.

Ooru ni ẹrù ibẹ̀. Onímọ̀ tí owó irin afa-ooru kan ṣoṣo wà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò fi irin náà bo òsì, níbi tí iná ọpọlọ CPU gan-an ń gbà, yóò fi ìlà kọ́ìlì tó wà lókè sọ́kẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ní gbangba nítorí pé iná tó ń gbabẹ̀ kò pọ̀. Ẹni bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe. Ẹlòmíràn kò bo ibì kankan. CPU kékeré lè fara da ìyẹn, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má gbé Ryzen 9 lé e nínú yàrá tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù. Àwọn kan tilẹ̀ wà tó to kọ́ìlì rẹpẹtẹ kí ojú lè kún, tí ẹ̀ka iná tí wọ́n ń darí kò sì pọ̀ sí i.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù wà láàárín CPU àti ihò RAM. Ẹ gbé bọ́ọ̀dù sójú ìmọ́lẹ̀, kí ẹ yí i díẹ̀díẹ̀. Àwọn ìlà bàbà tín-ín-rín yóò yọ, wọ́n ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, wọ́n ń ṣẹ́ po, wọ́n tún ń nà. Ẹni tí kò mọ̀ á pè é ní ọ̀ṣọ́. Ìlà tí ọ̀nà rẹ̀ kúrú ni wọ́n ń lọ́ po kí gígùn rẹ̀ lè bá ti èyí tí ọ̀nà rẹ̀ jìn mu, kí iṣẹ́ tí wọ́n jẹ́ lè dé lẹ́ẹ̀kan náà. DDR4-3200 ń ránṣẹ́ nígbà bílíọ̀nù 3.2 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Láàárín iṣẹ́ kan àti èkejì, iná kò lè rìn ju bíi sẹ̀ǹtímítà 5 lọ nínú bọ́ọ̀dù, nítorí náà sẹ̀ǹtímítà kan ṣoṣo tí ìlà bá fi gùn ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ó ti jẹ ìdá kan nínú márùn-ún àsìkò náà. Bọ́ọ̀dù olówó gọbọi lè ní ìpele bàbà mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láti fi ìlà pamọ́ sí. Mẹ́rin ni olówó pọ́ọ́kú sábà máa ń ní. Ẹni tó rí àyè fún gbogbo èyí nínú mẹ́rin, mo kan sáárá sí i.

Ìdí nìyẹn tí ihò RAM méjì dípò mẹ́rin kò fi dùn mí. Ìlà tí kò ní ibòmíràn í yà sí máa ń mọ́, gígábáìtì 8 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sì tó bẹ̀rẹ̀.

Gígé mìíràn wà tí n kò gbóríyìn fún. Micro-ATX tó pé jẹ́ mìlímítà 244 ní òró àti ní ìbú. Àwọn kan gé ìbú rẹ̀ kù débi tí kò fi dé ìlà súkúrù kẹta, etí ọ̀tún kò sì sinmi lé nǹkan kan. Níbẹ̀ gan-an ni wáyà onípíìnì 24 ń wọlé sí, níbẹ̀ náà la ti ń fi agbára tẹ RAM. Ẹ ti RAM bọ ihò rẹ̀ kí ẹ tó gbé bọ́ọ̀dù sínú àpótí.

Gígé tó pa àwọn bọ́ọ̀dù yìí lára jù kò hàn sójú. Ṣíípù kékeré kan ló ń gbé BIOS, ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà, mẹ́gábáìtì 16 ni wọ́n sì fi sórí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù AM4 àkọ́kọ́. Owó díẹ̀ ni wọ́n rí fi pamọ́ níbẹ̀. AMD kò pa sọ́kẹ́ẹ̀tì náà tì, CPU tuntun ń dé, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń béèrè àyè tirẹ̀ nínú BIOS. Nígbà tí Ryzen 3000 wọlé ní oṣù keje 2019, àyè ti tán. MSI ní láti bọ́ ọ̀ṣọ́ kúrò lójú BIOS àwọn bọ́ọ̀dù rẹ̀ kan, lẹ́yìn náà ló tún àwọn kan ṣe pẹ̀lú mẹ́gábáìtì 32, tó fi MAX kún orúkọ wọn. Nínú B450, èyí tó ní MAX lórúkọ ni mo máa ń kọ́kọ́ wá.

B450 tó ti wà nínú páálí láti 2018 kò mọ Ryzen 5 5600 tó jáde ní 2022. Ojú kọ̀ǹpútà á kàn dúdú. Àwọn bọ́ọ̀dù kan ní bọ́tìnì tí a lè fi sọ BIOS di tuntun láti orí flash drive láìsí CPU nínú wọn. Èyí tí ẹ fẹ́ rà bí kò bá ní in, tó sì jẹ́ Computer Village ní Ìkẹjà lẹ ti ń nájà, ẹ gbé CPU yín dání lọ, kí oníṣọ́ọ̀bù tan bọ́ọ̀dù náà lójú yín kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.