Ọ̀rọ̀ Tí Élì Kọ́kọ́ Sọ

Nígbà tí a bá ń wàásù lórí Sámúẹ́lì Kìíní orí 1, àdúrà Hánà ni a máa ń gbé ga, Penina ni a sì máa ń bá wí. Élì kì í gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ lẹ́nu wa. Bẹ́ẹ̀, òun gan-an ni pásítọ̀ inú ìtàn náà.

Élì wo ẹnu obìnrin náà: ètè ń mì, kò sí ohùn. Ìbéèrè tó bi í, ẹ̀sùn ni. Ó ti pè é ní ọ̀mùtí kó tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Elkana pàápàá, tó fẹ́ràn Hánà, “kí ló dé” mẹ́ta ló kó lé e lórí ní ẹsẹ 8, kó tó fi ara rẹ̀ wé ọmọ mẹ́wàá. Ìfẹ́ wà níbẹ̀, àmọ́ a ò rí èsì Hánà kà.

Lórí àga ìwàásù wa lónìí, “ọ̀mùtí” ti di “ẹlẹ́mìí òkùnkùn” àti “aláìnígbàgbọ́.” Àwa àti àwọn ará òde la jọ sọ orúkọ Àró di èébú, ilé ìwòsàn ọpọlọ tí Dókítà Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1954. Ta ni yóò wá sọ fún wa pé òun kò rí oorun sùn? Òfin ìlera ọpọlọ tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù Kìíní ọdún 2023 ti rọ́pò òfin àtijọ́ tí “wèrè” wà lára orúkọ rẹ̀. Ìjọba tún ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ṣe ṣáájú ìjọ!

Síbẹ̀, Élì ṣe ohun tí púpọ̀ nínú wa kì í ṣe. Hánà ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ọkàn òun ló bàjẹ́, Élì sì gbà. Kò jiyàn, kò ní kó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, kò tilẹ̀ bi í ní ohun tó ń tọrọ. Ó ní kó máa lọ ní àlàáfíà. Ẹ tún ẹsẹ 18 kà: Hánà jẹun, kò sì fajú ro mọ́. Oyún kò tíì dé. Ó di ẹsẹ 20.

Àwọn kan yóò ní a fẹ́ lé iṣẹ́ ìdáǹdè kúrò nínú ìjọ. Rárá o. Olúwa ń lé ẹ̀mí èṣù jáde, a gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ nínú Mátíù 4:24, ẹlẹ́mìí èṣù wà lọ́tọ̀, oníwárápá wà lọ́tọ̀. Ẹni tó bá pe gbogbo rẹ̀ ní ẹ̀mí èṣù ti fi kún ohun tí Mátíù kọ.

Nítorí náà, kí a tó gbé ọwọ́ lé arábìnrin náà lórí: “Ẹ kú ìfaradà, mà. Ó ti tó ìgbà wo? Ta lẹ jọ ń gbélé? Ṣé ẹ ti rí dókítà?” Bó bá ń lo oògùn, kí a sọ fún un pé kó má dá a dúró nítorí pé a gbàdúrà. Ohun tó bá sì bá wa sọ, kí àwọn alàgbà má gbọ́ ọ lẹ́nu wa láìjẹ́ pé ó fọwọ́ sí i.