Ìyá Mi Kọ́ Nìyí!

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí. Lọ́dún 1994, ìyá mi ṣe ọjọ́ ìbí àádọ́ta ọdún ní Makoko, a sì gbà á sínú kásẹ́ẹ̀tì VHS. Ẹni tó gbé kámẹ́rà lọ́jọ́ náà mọṣẹ́. Kò sáré, ó tẹ̀lé ìyá mi dé ìdí ẹja tí wọ́n ń yan, ohùn wọn sì ń dún ketekete. Kámẹ́rà òde òní mọ́ ju tiẹ̀ lọ, àmọ́ àwọn tó gbé e lọ́wọ́ kì í dúró lójú kan.

Láìpẹ́ yìí ni mo ní kí onífídíò kan ní Yaba dà á sórí fláàṣì. Háà! Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá mi wú bíi ti ẹni tó ní ségede. Àwòrán ayé ìgbà yẹn, 4 ni fífẹ̀ rẹ̀ sí gíga 3; tẹlifíṣàn ìsinsìnyí, 16 sí 9. Ó kàn fà á kó lè kún ojú ẹ̀rọ ni. Bó bá fi dúdú sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ta ló pa lára? Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ba ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá àtijọ́ jẹ́ lórí YouTube.

Àwòrán náà tún ń gbọ̀n, nítorí ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú ló lò, èyí tí kò ní TBC tó ń mú àwòrán dúró. Bó bá jẹ́ kásẹ́ẹ̀tì láti Amẹ́ríkà ńkọ́? Ìlà 525 ni tiwọn, àwòrán bí 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tiwa, 625 àti 25. Ẹ tètè sọ fún un.

Mo ti gba kásẹ́ẹ̀tì mi. Ẹlòmíràn ni mo ń wá.