Ìfarabalẹ̀ nínú Ogún Ọmọdé

Ìlérí méjì ni àwọn tí ń wàásù ìfarabalẹ̀ fún olùkọ́ yunifásítì máa ń ṣe: pé bí ọkàn ènìyàn bá wà níbi tí ara rẹ̀ wà, ara rẹ̀ yóò yá, iṣẹ́ rẹ̀ yóò sì pọ̀ sí i. Nígbà tí Jon Kabat-Zinn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí ní Yunifásítì Massachusetts, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní 1979, àwọn aláìsàn ni ó ń kọ́. Ìtura ni ó wá fún wọn, kì í ṣe ọ̀pọ̀ ìwé títẹ̀ jáde. Kí a tó gba ìlérí kejì náà gbọ́, ẹ jẹ́ kí a yẹ ìwé tiwa kan wò.

Nínú Ó Le Kú (1974), ìkánjú ni Akínwùmí Ìṣọ̀lá fi hàn wá: Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí ìyá rẹ̀ fẹ́ kí ó rí aya kí ó tó jáde, kò rí ojú kan fi ọkàn sí. Ṣùgbọ́n nínú Ogún Ọmọdé (1990), ìgbà èwe nínú oko ni òǹkọ̀wé yìí kan náà padà lọ wò. Níbẹ̀, ibi tí ara ọmọ wà ni ọkàn rẹ̀ wà. Iyì ìwé náà nìyí: olùkọ́ yunifásítì tí ó ti dàgbà ni ó jókòó ti ohun kékeré títí ó fi rí i dáadáa.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́. Ọmọdé rí àyè wo oko nítorí pé àgbà ni ó ń ro ó. Ẹni tí ó mọ abúlé Akínyẹlé tàbí Lágelú mọ̀ pé ewéko tí ọmọdé ń fi ṣeré, iṣẹ́ ni lójú baba rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún olùkọ́ tí ó rẹ̀ pé àìfarabalẹ̀ rẹ̀ ni ó fà á. Ní 2022, oṣù mẹ́jọ ni ASUU fi da iṣẹ́ sílẹ̀, ìjọba sì dá owó oṣù wọn dúró. Jíjókòó jẹ́ẹ́ kò lè dípò oúnjẹ ọmọ.

Àyè ni ó ń ṣáájú ìfarabalẹ̀. Kí àwọn aláṣẹ fún olùkọ́ ní àyè. Kí àwa olùkọ́ náà fún akẹ́kọ̀ọ́ ní àyè, kí a yé sáré la ìwé yìí já nítorí ìdánwò nìkan. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.