Ara Ló Ń Sáré: Ìtàn Jim Peters àti Ọ̀rọ̀ náà ‘Ìfaradà’

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, pápá ìṣeré kan wà ní Mayesbrook Park, ní Barking àti Dagenham, tó ń jẹ́ orúkọ Jim Peters. Lọ́dún 1953, òun lẹni àkọ́kọ́ tó parí eré marathon kí wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 20 tó pé. Àmọ́ ìṣubú rẹ̀ ní Vancouver lọ́dún 1954 làwọn èèyàn ń rántí jù. Oòrùn mú gan-an lọ́jọ́ náà. Ó fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 17 ṣáájú wọ pápá, ó ń ṣubú, ó ń dìde, kò sì parí eré ọ̀hún. Kò sáré ìdíje mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Àwọn tó ń sọ ìtàn yìí máa ń yin ìgboyà ẹ̀, wọ́n á sì dúró síbẹ̀. Èmi ò fara mọ́ ọn. Nínú ooru, ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé ọ́síjìn lọ fún iṣan ẹsẹ̀ náà ló tún ń gbé ooru lọ sí awọ ara. Bí òógùn bá sì ti ń dà, omi inú ẹ̀jẹ̀ ń dín kù. Ọkàn á máa yára lù, ara á máa gbóná sí i, títí ojú á fi ṣú. Ìgboyà ò lè tu ara lára.

Ẹ tú ‘ìfaradà’ wò: fi, ara, dà. Ara ló wà láàárín ọ̀rọ̀ náà. Torí náà, tẹ́ ẹ bá ń kọ nípa asáré, ẹ kọ nípa ara ẹ̀ pẹ̀lú. Tẹ́ ẹ bá sì rí ẹni tó ń ṣubú dìde nínú oòrùn, ẹ má pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹ dá a dúró, ẹ pe dókítà, kẹ́ ẹ sì tètè da omi tútù sí i lára.